Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Pa Ọjọ́ Ìsinmi Mọ́

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
8 Oṣù Kẹta, 1998.

Ayọ̀adé ọmọ mi,

O kú òtútù o. Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, Moríyọ̀ àbúrò rẹ náà kí ọ. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tí kò jẹ́ kí ó lè lọ sí Ṣàgámù mọ́, àti epo bẹntiróòlù tó ti di ohun àwátì. Ọkọ̀ tó ń ti Ògìjó bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá já gbogbo èrò sílẹ̀ ní Likosi pé epo tán. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù ọ̀nà náà, mo sì ń bú ọ bí mo ṣe ń rìn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ ló wà lọ́kàn mi.

Kò dùn lẹ́nu mi láti sọ. Alàgbà Fẹ̀hìntọlá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní Ìfẹ́olúwapọ̀ ọmọ òun, tí ẹ jọ wà ní ìlú kan náà níbẹ̀ yẹn, sọ lórí fóònù pé òun kì í rí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ní àjàalẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín ni o máa ń wà ní gbogbo Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wa, ìwọ àti kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rín ni Fẹ̀hìntọlá fi sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń yún mi lára bíi yèrèpè.

Ayọ̀adé, o mọ bí mo ṣe ṣe é ní Ògìjó. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ sitọ́kípà ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, oòrùn ọjọ́ Ẹtì kò wọ̀ bá mi nínú sitọ́ọ̀ rí. Mo máa ń tilẹ̀kùn, mo máa ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo máa ń bọ̀ nílé. Kí mánéjà máa fò sókè, kí ó máa fò sílẹ̀. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ọwọ́ mi. Ìwọ lo máa ń bá mi gbé e kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá.

Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, ìwọ lo lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n n ó sọ tèmi. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tí ọjọ́ ìsinmi bẹ̀rẹ̀, kúrò nídìí àwọn ẹ̀rọ yẹn. Bí ilé náà bá ń jó, má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí ó jó.

Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe? Mo rí kọ̀ǹpútà kan ní báńkì ní Ṣàgámù, ẹyọ kan ṣoṣo, akọ̀wé kan ló jókòó tì í. Kí ni ènìyàn kan ń fi mẹ́rìndínlógún ṣe?

Moríyọ̀ ní kí n rán ọ létí pé ọjọ́ Àìkú tó ṣíwájú Kérésì ni ìgbéyàwó òun. Ó ní bí o kò bá wá, òun yóò to àga rẹ sí iwájú, òun yóò sì fi í sílẹ̀ lófìfo kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Dá èsì padà kíákíá.

Bàbá rẹ,
Akínṣọlá.


Minisótà,
12 Oṣù Kẹrin, 1998.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi náà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó orúnkún náà. Yìnyín ti ń yọ́ níbí, ẹrẹ̀ sì kún gbogbo ọ̀nà.

Òótọ́ ni Ìfẹ́olúwapọ̀ sọ, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọ̀gá mi nílò ẹ̀rọ ńlá tó lè ṣe ìṣirò tó le, irú èyí tí ìjọba nìkan ń rà. Kò ní agbára rẹ̀. Ni mo bá ní kí ó fún mi ní àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n fẹ́ dà nù. Mo tú wọn, mo nu eruku inú wọn, mo kan pákó mọ́ ògiri àjàalẹ̀ bí ti sitọ́ọ̀ yín, mo sì tò wọ́n sórí rẹ̀. Mo fi wáyà so gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni olórí. Ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù bí ẹ ṣe máa ń pín ebè fún wa lóko: oníkálukú á kọ tirẹ̀, ẹ ó wá ka gbogbo rẹ̀ sí oko kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kárẹ̀n ló ń lò ó jù. Ó ń ṣírò bí yìnyín orí adágún ṣe ń dì àti bó ṣe ń yọ́. Láti ìgbà òtútù ni ìṣirò rẹ̀ ti ń lọ.

Láàrin ara wọn, àwọn ẹ̀rọ náà kì í bi ara wọn ní kọ́kọ́rọ́. Bí ilé wa ni: ẹni tó bá ti wọ ojúlé, kò sẹ́ni tí yóò dá a dúró lẹ́nu yàrá. Ẹnu ọ̀nà ìta nìkan la ń tì. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ń tẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ èyí tó ń ṣí gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé bí ẹ̀rọ kan bá kú lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni wọ́n ń pè. N kò lè sọ pé n kò wá. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí so mọ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ náà ni n ó kó ẹrù mi.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín ti jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo kọ àṣẹ kan sínú olórí. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní gba kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò ní gba tèmi náà. Iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ yóò máa lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní wọlé títí oòrùn Sátidé yóò fi wọ̀. Bí wọ́n bá pè mí, n ó ní kò ṣeé ṣí, òótọ́ sì ni.

Oòrùn ibí kò ṣeé fọkàn tán. Nígbà òtútù ó ń sáré wọ̀, nígbà ooru kò fẹ́ lọ. Nítorí náà, aago Ìkẹ́nnẹ́ ni mo fi sínú ẹ̀rọ náà. Oòrùn tó bá wọ̀ lójú yín ló ń tilẹ̀kùn ibí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbìyànjú láti wọlé, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀gá mi béèrè ìdí tó fi ń tì. Mo ní àwọn ẹ̀rọ náà nílò ìsinmi. Kò bi mí síwájú sí i.

Ẹ sọ fún Moríyọ̀ pé kí ó má to àga kankan. Mo ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Ayọ̀adé.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
17 Oṣù Karùn-ún, 1998.

Ayọ̀adé, ọmọ tó gbọ́ràn,

O kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ, ó ní kí n tún un kà.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde nínú ìjọ, mo ní mo ní ẹ̀rí. Mo ní ẹ̀rọ mẹ́rìndínlógún wà nínú òtútù Amẹ́ríkà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé bí oòrùn Ìkẹ́nnẹ́ bá ti wọ̀. Ìgbà tó yá ni ìjọ wá ń ṣe àmín. Màmá Hánà tó máa ń jókòó lẹ́yìn béèrè bóyá wọ́n ti rì wọ́n bọmi. Pásítọ̀ fi ìwé orin bojú. Fẹ̀hìntọlá kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nísinsìnyí, bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá ti ń lẹ́, ìyá rẹ á máa pè mí: "Bàbá Ayọ̀, ẹ tètè wẹ̀ o, ẹ̀rọ ti fẹ́ tilẹ̀kùn." A ti sọ ọ́ di aago ilé.

Fi ìwọ̀n ara rẹ ránṣẹ́ kí tẹ́lọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ aṣọ ìgbéyàwó. Má fi ti ọdún tí o lọ ránṣẹ́. Ìfẹ́olúwapọ̀ ní o ti rù.

Bàbá rẹ,
Akínṣọlá.


Minisótà,
20 Oṣù Keje, 1998.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àsìkò òjò. N kò mọ bí n ó ṣe kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí ìyá mi létí kí ẹ tó kà á tán fúnra yín.

Olè wọ inú àwọn ẹ̀rọ náà. Kò fi ẹsẹ̀ wá. Orí wáyà tẹlifóònù ló gbà, láti ibi tí a kò tíì mọ̀. Mo ti ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn kan sílẹ̀ lára ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, kí Kárẹ̀n lè máa wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ilé, mo sì gbàgbé láti tì í. Ibẹ̀ ló gbà. Nígbà tó ti wọ ọ̀kan, kò sí èyí tó bi í ní kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Oòrùn yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, ọ̀sán ni níbí. Kárẹ̀n sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ayọ̀, àwọn fáìlì mi ń pòórá. Mo ń wò wọ́n, wọ́n ń lọ." Mo jókòó sídìí olórí, mo tẹ kọ́kọ́rọ́ mi. Ó kọ ọ́ síwájú mi pé: Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Wáyà iná nìkan ló kù. Kí n fà á yọ, kí gbogbo rẹ̀ kú. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo wá rántí lẹ́tà tí ẹ kọ: bí ilé náà bá ń jó, má fọwọ́ kàn án. Bàbá mi, mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Kárẹ̀n ń pariwo pé, "Èwo ni kí n fà? Sọ fún mi, èwo?" Ó sáré lọ pe ọ̀gá. Ìgbà tí ọ̀gá fi dé láti pa iná gbogbo ilé, iṣẹ́ Kárẹ̀n láti ìgbà òtútù ti lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń kọ àṣẹ tó ń ti onílé síta nígbà tí olè wà nínú ilé? Wọ́n ní kí ni mo dúró dè tí n kò fa wáyà? Wọ́n da ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ náà kọ sínú ìwé wọn, wọ́n rò pé àmì ni láàrin èmi àti olè. Mo ní ìkíni lásán ni. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kúrò ní ìlú yìí. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, wọ́n á lé mi, ọlọ́pàá yóò sì gba ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní ẹ̀sìn mi ló dá mi dúró. Wọ́n ní kí alàgbà ìjọ kan jẹ́rìí sí i. Mo dárúkọ yín gẹ́gẹ́ bí alàgbà. Wọn yóò kọ̀wé sí yín pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ìjọ yín kọ̀ kí ènìyàn fọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìsinmi, kódà bí olè bá ń kó o lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Kò gbà ju ìyẹn lọ.

Ọmọ yín,
Ayọ̀adé.


Minisótà,
6 Oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Bàbá mi,

N kò tíì rí èsì yín, ìgbìmọ̀ náà kò tíì rí i. Mo pe fóònù ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ṣàgámù, wọ́n ní laìnì Ìkẹ́nnẹ́ ti bàjẹ́. Ìfẹ́olúwapọ̀ ní bàbá òun rí yín lójú pópó, ara yín yá, ẹ tilẹ̀ ra iṣu.

Bí ara yín bá yá, kí ló dé? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí mo bá ń lọ láàrin ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni kì í kí mi. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ àjàalẹ̀ lọ́wọ́ mi. N kò lè ṣiṣẹ́, n kò lè lọ sílé, mo kàn ń jókòó sínú yàrá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́.

Ayọ̀adé.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
27 Oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Ayọ̀adé ọmọ mi,

Lẹ́tà àwọn òyìnbó náà ti pẹ́ lórí tábìlì mi. N kò ní sọ fún ọ pé kò dé. Ìyá rẹ ń gbé oúnjẹ fún mi, ó sì ń gbé e padà. Lẹ́yìn tí ó bá gbé e padà, á ní, "Kí ni wọ́n ní kí ẹ kọ tó le tó báyìí? Ọmọ yín ha kọ́ ni?"

O ní kí n kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ọdún tí ọmọ Sàláwù já sí kànga, ọjọ́ wo ni? Ọjọ́ ìsinmi ni. A ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán. Ta ló so okùn mọ́ ìdí, tó wọ inú kànga lọ fa ọmọ náà yọ? Èmi ni. Ta ló di kóòtù mi mú lẹ́nu kànga? Ìwọ ni, Ayọ̀adé. Gbogbo ìjọ rí mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, pásítọ̀ sì gbá mi mọ́ra bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Báwo ni n ó ṣe wá fọwọ́ sí i pé ìjọ wa kọ̀ kí ènìyàn fa wáyà?

Bí mo bá kọ òótọ́, wọ́n á ní irọ́ lo pa. Bí mo bá kọ irọ́, orúkọ mi àti ti ìjọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá kọ, ìwọ ni yóò bà. Mo ti ń mú bíírò kiri títí ó fi yọ́ sí mi lápò.

Mo ti fi èsì ránṣẹ́ báyìí. Ohun tí mo kọ nìyí, mo tú u sí Yorùbá kí ìyá rẹ lè gbọ́ ọ kí n tó lẹ̀ ẹ́:

Ẹ̀yin ọ̀gá. Rárá. Ìjọ wa kò kọ̀ kí ènìyàn lé olè lọ́jọ́ ìsinmi. Ọmọ mi ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ̀wé sí i pé bí ilé bá ń jó, kí ó jẹ́ kí ó jó. Ìbínú bàbá ni mo fi kọ ọ́, ẹ̀kọ́ ìjọ kọ́. Ó ṣe ohun tí mo wí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ, ìkíni wa ni. Ọmọdé ilé mi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń bá olè ṣe, èé ṣe tí ó fi ti ara rẹ̀ síta? Sitọ́kípà ni mí tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ti sitọ́ọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì máa ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, wọn kò jí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Kì í ṣe nítorí kọ́kọ́rọ́ mi. Ọlọ́dẹ kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù ló máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agogo lọ́wọ́ títí n ó fi padà dé. Ọmọ mi ń rí kọ́kọ́rọ́ nílé. Kò rí Kàmọ́rù rí. Ohun tó ṣàìní nìyẹn.

Ìyá rẹ gbọ́ ọ tán. Ó wọlé lọ. Má jẹ́ kí n dúró pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ.

Bàbá rẹ,
Akínṣọlá.


Minisótà,
8 Oṣù Kọkànlá, 1998.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi.

Nígbà tí mo gbọ́ pé "rárá" lẹ kọ, mo bínú sí yín débi pé n kò lè kọ̀wé. Ẹ ní mo di kóòtù yín mú. Mo rántí kóòtù náà, Bàbá. Nígbà tí ọwọ́ mi wà lórí wáyà, mo rántí rẹ̀, mo sì rántí lẹ́tà yín. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni bàbá mi.

Ìgbìmọ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Olórí wọn ka ìwé yín sókè. Ó ní bàbá tó lè kọ "rárá" nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", kò ní purọ́ nípa ìyókù. Wọn kò pè mí lólè mọ́. Kárẹ̀n pàápàá ti ń dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù ni wọ́n sọ jù. Wọ́n fẹ́ràn Kàmọ́rù. Wọ́n ní kí àṣẹ tí mo kọ wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn máa tì lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, olè ni láìṣe àní-àní. Wọ́n ní kí aago Ìkẹ́nnẹ́ náà wà níbẹ̀, olè kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti wáyà iná láti ìgbà tí ó bá tì títí yóò fi ṣí. Wọ́n wo ara wọn yí tábìlì ká. Nígbà tó yá, gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n ti gbé àga kan àti ibùsùn onírin sí àjàalẹ̀. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Wọn ò fún mi ní agogo, tẹlifóònù ni wọ́n fún mi.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Moríyọ̀: mo tọrọ àyè, wọ́n ní ta ni yóò jókòó? Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá. Bí mo bá lọ, iṣẹ́ yóò bọ́, n kò sì ní lè padà wọ ìlú yìí.

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alàgbà. Ṣé ìjókòó jẹ́ iṣẹ́? N kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn máa ń jókòó.

Ayọ̀adé.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
27 Oṣù Kejìlá, 1998.

Ayọ̀adé ọmọ mi,

A kí ọ kú ọdún. Moríyọ̀ ti lọ sílé ọkọ. Òjò kò rọ̀, oúnjẹ tó, ìyá rẹ jó bí ẹni pé orúnkún rẹ̀ kò dùn ún rí. Aṣọ rẹ wà nínú àpótí mi. Tẹ́lọ̀ ti rán an kí lẹ́tà rẹ tó dé.

Moríyọ̀ ṣe ohun tó wí. Ó to àga rẹ sí iwájú. Kàmọ́rù wá láti Ṣàgámù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Kò mọ nǹkan kan, ó lọ jókòó sórí àga náà. Kò sẹ́ni tó lè ní kí ó dìde.

Mo fi ìbéèrè rẹ lọ̀ ọ́ nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un. N kò sọ pé ìwọ ni. Mo ní, "Kàmọ́rù, ní Ògìjó yẹn, tí o kàn máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, ṣé iṣẹ́ ni wàá pe ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, bí kì í bá ṣe iṣẹ́, kí ni wọ́n fi ń san owó oṣù fún mi?" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi bi í o. Kò jókòó nílé bẹ́ẹ̀ rí."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ dúró lẹ́yìn ilé fúngbà díẹ̀.

Nítorí náà, má bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. N kò lè kọ ohun tí Kàmọ́rù sọ, n kò sì lè kọ òdìkejì rẹ̀. Máa mú ìwé orin lọ síbẹ̀. Máa fi nǹkan bo ẹsẹ̀ rẹ.

Ní ọjọ́ ìsinmi àná, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Hánà di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn dúró láti gbọ́, Fẹ̀hìntọlá náà dúró. Ó ní, "Alàgbà, àwọn ẹ̀rọ Amẹ́ríkà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ń pa á mọ́, Màmá."

Ó ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run."

Mo dúró díẹ̀, bóyá yóò béèrè nípa ìwọ náà. Kò béèrè.

Bàbá rẹ,
Akínṣọlá.